Àga Mẹ́rin Tí Mo Hun Nílé Anker

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ní tèmi, mi ò tiẹ̀ la ẹnu. Ọwọ́ mi ló pa mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí nínú ìwé ìròyìn nídìí kọfí yín, ẹ gbọ́ tèmi náà. Mi ò wá àánú. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, mo ti bú ara mi títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń wọ bàtà lọ́wọ́ báyìí láti lọ síbi tí kò yẹ kó lọ, tó ń sọ fún ara ẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Òun gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Thyra lorúkọ mi. Ìlú kékeré kan ní erékùṣù Fyn ní Denmark là ń gbé, èmi, Evald ọkọ mi, àti Inga, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Evald. Àga ló ń ṣe, igi óòkù ló sì fẹ́ràn jù. Tó bá ti gbẹ́ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àga tán, tó ti kì wọ́n bọ inú ara wọn débi pé o ò ní rí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, á gbé e wá fún mi ní yàrá ẹ̀yìn. Èmi ni mo máa ń fi okùn pépà hun ìjókòó ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ pépà kó rò pé nǹkan ẹlẹgẹ́ ni. Pépà líle ni wọ́n lọ́ di okùn yẹn, ó máa ń gé ìka bí ọ̀bẹ, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fà á gan-in gan-in kí ìjókòó má bàa rọ̀ lọ́la. Àga kan máa ń gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá mi tó kọ́ mi. Gbogbo kókó tí àwọn ahunga yòókù ń so lábẹ́ àga, ọ̀tún ló ń kọjú sí. Tiwa ń kọjú sí òsì. Ní gbogbo agbègbè wa, kò sẹ́lòmíì tó ń hun báyẹn látìgbà tí ìyá mi ti kú.

Evald náà ní ìwà kan tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ ọn. Ibi yòówù tó bá dé, tó bá ti rí àga, á dorí ẹ̀ kodò. Nílé àlùfáà, lọ́dọ̀ dókítà eléyín, níbi ìsìnkú pàápàá. Ó ní ojú àga lè tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ò mọ irọ́ í pa, pé gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò bá tún ìsàlẹ̀ ṣe bó ṣe tún òkè ṣe, olè ni. Àwọn èèyàn wá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Tó bá ti wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ gbé kọfí yín dání o, Evald ti dé."

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí, èmi ni mo lọ ṣe ohun tí mo ṣe.

Anker àti Evald jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà ni. Evald dúró ti igi. Anker ò ní sùúrù fún un, ó bá iléeṣẹ́ kan lọ, ó ń bá wọn ta àga káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀, o ò ní mọ̀gbà tí kọfí rẹ máa tutù. Dagny ìyàwó ẹ̀ ti kú, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló sì máa ń wà nílé.

Evald fúnra ẹ̀ ló rán mi dé ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó yá ayùn kan lọ́wọ́ Anker, ó ní kí n bá òun dá a padà. Anker ní kí n jókòó. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, mo rí i pé àga tí mo fẹ́ jókòó lé ti lu. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nídìí tábìlì ló ti lu. Mo dá wọn mọ̀. Àga tí Evald ṣe fún Anker àti Dagny nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó ni, nígbà ogun tí kò sí okùn gidi, koríko etí òkun ni wọ́n fi hun ún nígbà náà. Koríko ti já, ìrọ̀rí ni Anker tẹ́ lé ihò.

Ó dùn mí gan-an. Mo ní kó kó wọn wá sílé wa. Anker mi orí, ó ní Evald á rò pé òun wá tọrọ ni. Ó wá fa ọwọ́ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wo gbogbo ibi tó ti yi.

Ó ní, "Thyra, lábẹ́ gbogbo àga tó ń tilé yín jáde, orúkọ Evald ni wọ́n fi iná tẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ ayàwòrán tó ya bí àga ṣe máa rí ni ìwé ìròyìn ń gbé. Tìrẹ dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ahunga ṣe. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ mi nígbà tí mò ń padà lọ, ìbéèrè yẹn ń bá mi yí lọ ni. Látìgbà tí mo ti délé ọkọ, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Evald nítorí kí ẹjọ́ mi lè dá. Kì í mutí yó, kò fọwọ́ kàn mí rí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n igi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Mo lè hun ìjókòó kan kí ọwọ́ mi ṣẹ̀jẹ̀, tí mo bá gbé e fún un, á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò, á ní, "Ó dáa," á sì gbé e lọ. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé "ó dáa" lẹ́nu Evald ju odindi ìwàásù lẹ́nu ẹlòmíì lọ.

Bí mo ṣe dá irọ́ nìyẹn. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń da Magna ẹ̀gbọ́n mi láàmú, pé mo fẹ́ máa lọ bá a ṣe iṣẹ́ ilé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Evald ní kí n lọ. Ó tún gé wàràkàṣì ńlá kan sínú apẹ̀rẹ̀ mi pé kí n gbé e fún un. Èmi àti Anker la jọ jẹ wàràkàṣì yẹn.

Mo hun àga àkọ́kọ́ nílé Anker, òun jókòó sí ọ̀kánkán mi, ó ń na okùn sí mi, ó ń sọ ìtàn àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ti sùn. Tí mo bá parí ìlà kan, á ní kí n dúró kóun wò ó. Á wò ó bí ẹni tó ń wo àwòrán nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹ rí obìnrin tó ti pẹ́ tí wọn ò ti yìn ín, kò ṣòro láti mú. Kí n tó hun èkejì tán, ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àtọkùnrin yẹn ti ṣẹlẹ̀. Mo sọkún díẹ̀ nígbà tí mò ń wa kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni oríire wá kan ilẹ̀kùn Evald. Ayàwòrán kan láti Copenhagen, Ọ̀gbẹ́ni Lindegaard, ya àga kan, ó sì ní Evald lòun fẹ́ kó ṣe mélòó kan nínú ẹ̀ fún ìpàtẹ ọdọọdún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Láti kékeré ni Evald ti ń fẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ dé ìpàtẹ yẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé, ó jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé, ó sì pẹ́ kó tó wọlé. Ó ní, "Thyra, èmi àtìẹ la máa jọ lọ. Ìjókòó ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tìẹ."

Ó gbẹ́ àwọn àga náà, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń dúró dè mí láìní ìjókòó.

Mi ò lè hun wọn. Ọwọ́ tí mo fẹ́ fi hun wọn, mo ti lò ó tán nílé Anker. Gbogbo ojú ìka mi ti là, tí mo bá fa okùn, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Mo sọ fún Evald pé òtútù ọdún yẹn ló bá ìka mi jà, pé kó fún mi láyè.

Ó gbà mí gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, á gbé omi kaná, á da ọṣẹ díẹ̀ sí i, á gbé abọ́ síwájú mi lórí tábìlì. Á kó ọwọ́ mi méjèèjì sínú omi, á nù wọ́n, á wá máa fi ọ̀rá àgùntàn pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Á ní, "Rọra. Àga ò ní sá lọ." Mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ ó bi mí pé ṣé mi ò wá jáwọ́ nígbà yẹn. Mi ò jáwọ́. Àga kan ló ṣẹ́ kù nílé Anker, mo sì ń sọ fún ara mi pé tí mo bá ti parí ẹ̀, màá parí gbogbo ẹ̀ pọ̀. Irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara ẹ̀ kì í ṣòro í gbà gbọ́.

Ní Ọjọ́ Àìkú kan, Magna ẹ̀gbọ́n mi yà sílé wa láìròtẹ́lẹ̀. Evald dìde, ó fún un ní ìjókòó tó rọ̀ jù, ó béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Magna ní ẹsẹ̀ wo. Mo fi bàtà gbá a nísàlẹ̀ tábìlì. Ó wò mí, ó wo Evald, ó ní háà, ẹsẹ̀, ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀, ó dúpẹ́.

Nígbà tá a dé ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ta ni?"

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Thyra, a kì í mọ ọkọ ọmọ ká tún mọ àlè ẹ̀. Má fi mí bo ìranù rẹ mọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ìjókòó tó rọ̀ jù nítorí ẹsẹ̀ tí kò dùn mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé kọfí mì."

Mo ní ó ti fẹ́ parí. Ó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ, látọjọ́ náà kò tíì padà wá sílé wa.

Mo hun àga kẹrin tán. Mo sọ fún Anker pé ó tán. Kò jà, kò bẹ̀ mí. Ó ní bí mo bá ṣe fẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ hàn sí mi pé ohun tí mo rò pé ó jẹ́ fún un, bóyá ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé tí ìka mi bá jiná, màá hun àga Evald bí mi ò ṣe hun àga rí.

Ìka mi ń jiná lọ nígbà tí ọjọ́ ìbí Anker pé. Ogójì ọdún. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀, ẹni tó bá fẹ́ á wá. Evald ní a máa lọ. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó ní kí n mu oògùn. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kò ní ìyàwó tó máa gbàlejò fún un, pé kí ló máa ṣe wá tá ò ní lọ jókòó tì í fún wákàtí kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo sáré lọ bá Anker. Mo ní kó kó àga yẹn kúrò nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa wo ìdí àga lọ́jọ́ ìbí. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ìwọ tó o bá a kọ́ṣẹ́, ìwọ lò ń bi mí?" Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun á kó wọn sókè àjà, òun á sì yá bẹ́ǹṣì ní gbọ̀ngàn ìlú.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tá a wọlé lọ́jọ́ náà, tí mo rí bẹ́ǹṣì yí tábìlì ká, ọkàn mi balẹ̀. Àsíá wà lórí kéèkì, búrẹ́dì kéékèèké àti bọ́tà wà nílẹ̀, ọtí kíkorò ń yí kiri nínú ife kéékèèké. Evald jókòó ti oníbúrẹ́dì lẹ́bàá fèrèsé. Mo tiẹ̀ jẹ kéèkì.

Ni àwọn ará iléeṣẹ́ Anker bá tún dé. Ìjókòó ò tó mọ́. Màmá Kjeldgaard, aládùúgbò ẹ̀ tó ń bá a bu kọfí, ní kí ló dé tí àwọn èèyàn ń dúró, ṣebí àga wà lókè àjà, òun rí i nígbà tóun lọ kó ife. Kí Anker tó gbé ìgò ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, màmá yẹn àti ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti gòkè. Wọ́n ń kó wọn bọ̀ ní méjì méjì.

Màmá Kjeldgaard ní, "Ẹ wo àga dáadáa tí ọkùnrin yìí lọ tọ́jú pamọ́, kó lè fi bẹ́ǹṣì líle dá ìdí gbogbo wa lóró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì ní, "Evald, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ nìyí?"

Evald dìde, ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀. Mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn mọ́. Ó ní àga ìgbéyàwó Anker ni, pé ọmọdé lòun nígbà tóun ṣe wọ́n, pé ẹ jẹ́ kóun wo bóun ṣe dàgbà sí. Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n gbé kọfí wọn dání. Evald mú àga kan, ó sì dorí ẹ̀ kodò.

Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú àwọn kókó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dá àga náà dúró jẹ́jẹ́, ó mú èkejì. Ariwo ń rọlẹ̀ nínú yàrá, nítorí wọn ò rí i kó wo ju àga kan lọ nílé ẹnikẹ́ni rí. Ó wo ẹ̀kẹta. Ó wo ẹ̀kẹrin. Mo wo Anker. Anker ń wo ìdí ife ẹ̀.

Màmá Kjeldgaard, tí kò mọ ohunkóhun, ní, "Ta ló hun ún? Ó mà mọ́ o."

Anker ní, "Ẹnì kan báyìí ní Odense."

Evald ní, "Rárá. Ọlọ́wọ́ òsì ló hun ún."

Kò gbóhùn sókè. Kò wò mí. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó kù nínú yàrá yẹn wò mí, lẹ́yìn náà wọ́n wo abọ́ kéèkì wọn. Ọ̀bẹ kéèkì wà lọ́wọ́ mi, lọ́wọ́ òsì.

Evald gbé ife ẹ̀ lé orí tábìlì. Ó bọ Anker lọ́wọ́. Ó ní ó ṣeun fún kọfí. Ó wọ ẹ̀wù ẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí èmi náà fi wọ tèmi.

Ó wa kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣíwájú, èmi ń tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn ń fẹ́ kọjú sí wa. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò wẹ̀yìn. Nígbà tá a délé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ, mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìfági títí ìrọ̀lẹ́.

Ó jẹun alẹ́ pẹ̀lú wa. Inga ń sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ó ń dá a lóhùn. Nígbà tí ọmọ lọ sùn, mo rí i tó gbé omi kaná. Ó da ọṣẹ sí i, ó gbé abọ́ síwájú mi, ó jókòó. Kò fọwọ́ kan ọwọ́ mi.

Mo ní, "Bàbá Inga, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Àga kan, odindi ọjọ́ kan. Àga mẹ́rin nìyẹn. Mo ṣáà mọ iṣẹ́ rẹ."

Mo ní ó ti parí, pé mo ti fi í sílẹ̀ kó tó di òní, pé mo fi Ọlọ́run búra. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan wàràkàṣì. Ó gbọ́ ọ láì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, bó ṣe máa ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò.

Lẹ́yìn náà ló wá ní, "O sọ fún mi pé òtútù ló bá ìka rẹ jà."

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ tábìlì.

"Nígbà tí mò ń fi ọ̀rá pa á, ṣé ò ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú ni?"

Mo ní rárá, rárá o, pé ńṣe ló ń dùn mí. Ó mi orí bí ẹni tó gbà, bí ẹni tí kò gbà. Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi pé àga Anker ti lu ni, èmi gan-an ni ǹ bá fi kẹ̀kẹ́ kó wọn wá fún ọ." Ó dìde. Omi yẹn wà lórí tábìlì níwájú mi títí ó fi tutù.

Mo rò pé á lé mi. Mo tiẹ̀ di ẹrù mi. Ó bá mi nídìí ẹrù, ó ní níbo ni mò ń lọ, pé Inga ní ilé ìwé láàárọ̀. Mo rò pé á lọ bá Anker jà. Kò lọ. Anker ló tìkára ẹ̀ ta ilé, ó sọdá omi lọ sí Jylland, kò kí mi, kò sì ránṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ta àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilé náà.

Ìka mi jiná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo dá iná sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi omi wọ́n okùn mi díẹ̀, mo fa àga ìpàtẹ kan sún mọ́ra, mo so okùn àkọ́kọ́ mọ́ ìṣó. Mo rò pé bóyá tí mo bá fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́, á gbọ́ ju ẹnu lọ. Evald wọlé. Ó wá mú ọ̀bẹ, ó gé okùn yẹn lára igi, ó gbé àga náà jáde. Ó padà wá gbé ìyókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Ìyá Inga, o lè fi yàrá yìí sá aṣọ báyìí."

Thyra ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀.

Ó tú àwọn àga náà palẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Pákó óòkù ló fi ṣe ìjókòó wọn, pákó kan ṣoṣo tó gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba ìdí èèyàn, tó fi ọṣẹ fọ̀ títí ó fi funfun. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, òun àti ọ̀bẹ gbígbẹ́. Iṣẹ́ tí èmi ń ṣe ní ọjọ́ kan, ó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sì kánjú. Ọ̀gbẹ́ni Lindegaard dé láti Copenhagen, ó bínú, ó ní ìjókòó híhun lòun yà. Evald ní kò sí ahunga mọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà wò mí níbi tí mò ń da kọfí, mo sì lọ gbé súgà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ó jókòó lórí àga náà. Ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní ó dáa, kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìpàtẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ ni. Gbogbo Copenhagen ló ń sọ̀rọ̀ àga Evald. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí gbẹ́nàgbẹ́nà tó nígboyà láti yọ ohun gbogbo kúrò kó fi igi nìkan sílẹ̀. Evald ní kí n wọ aṣọ mi tó dáa jù, pé ọkùnrin tí kò bá mú ìyàwó ẹ̀ dání, àwọn èèyàn á máa béèrè. Mo dúró tì í. Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ń dorí àga náà kodò, wọ́n ń wo ìdí ẹ̀, wọ́n ń mi orí. Lábẹ́ ẹ̀, igi ni, ó mọ́, kò sí kókó kankan níbẹ̀.

Akọ̀ròyìn kan wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó múra dáadáa. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Lindegaard bí èrò ìjókòó pákó yẹn ṣe wá. Ọ̀gbẹ́ni náà ṣe olóòótọ́, ó ní kì í ṣe tòun, gbẹ́nàgbẹ́nà òun ló ní in. Ọmọbìnrin náà yíjú sí Evald.

Evald ní, "Ìyàwó mi ló kọ́ mi."

Ọmọbìnrin yẹn ní ó mà dùn o. Ó béèrè orúkọ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan fún mi ní òdòdó, wọ́n ní kí n jókòó sórí àga náà kí wọ́n ya fọ́tò mi. Mo jókòó. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa padà sí Fyn, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Bàbá Inga, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wọn?"

Ó ń wo omi. Ó yí ojú sí mi, kò sí ìbínú nínú ẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ó ní, "Ṣé irọ́ ni mo pa?"